Omi Dídì Lórí Apá Bàálù

Ewu ni omi dídì jẹ́ fún bàálù tí ó bá la ìkùukùu kọjá, níbi tí ẹ̀kán omi ti tutù ju ìwọ̀n dídì lọ, síbẹ̀ tí kò tíì dì. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí òkè Màpó lákòókò òjò, tí ó wo bí omi ti ń ṣàn lórí páànù adógùn-ún Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, yóò tètè lóye bí omi ṣe lè ṣàn lórí apá bàálù kí ó tó dì. Bí òtútù bá mú gidigidi, ẹ̀kán a dì lójú ẹsẹ̀ níwájú apá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé òdo Celsius, afẹ́fẹ́ a ti omi sẹ́yìn, yóò sì dì sí ibi tí ooru ayọ́-yìnyín kò dé. Èyí ni mo kà sí èyí tí ó burú jù, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó rí ṣágiṣàgi tó láti dín agbára tí ń gbé bàálù sókè kù.

Ilẹ̀ olóoru kò bọ́ nínú rẹ̀. Lókè Ìbàdàn pàápàá, omi lè dì ní nǹkan bí 5,000 mítà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2014, bàálù Air Algérie tí ó gbéra ní Ouagadougou já ní Málì, ènìyàn 116 sì kú. Ẹnu ohun ìwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀ ni àwọn olùwádìí gbà pé yìnyín ti dí, kì í ṣe apá.