Kì í ṣe Àìmọ̀kan Ló Bí Èèwọ̀ Bọ́tà ní Írẹ́lándì

Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé nípa àwọn àgbẹ̀ Írẹ́lándì àtijọ́ ló máa ń sọ pé àwọn obìnrin oko wọn kò mọ ohun tó ń mú kí wàrà kọ̀ láti di bọ́tà, ni wọ́n ṣe ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àjẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àbùkù ni irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ fún àwọn tó mọṣẹ́.

Ẹ wo obìnrin tó dúró ti àgbá onígi, tó ń fi ọpá gún ọ̀rá wàrà tó ti kó jọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rá náà bá tutù jù, kò ní ṣù. Bí ó bá gbóná jù, bọ́tà á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń bu omi gbígbóná tàbí omi tútù sí i bó ṣe yẹ. Bí ìró ọpá bá ti yí padà, ó ti mọ̀ pé bọ́tà ti ń ṣù nìyẹn.

Olè ni èèwọ̀ wọn wà fún. Wọ́n gbà pé aládùúgbò lè fi oògùn kó èrè wàrà ẹni lọ, pàápàá ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹyin iná jáde nílé nígbà tí wọ́n bá ń gún wàrà lọ́wọ́. Àlejò tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ súre fún iṣẹ́, kó gba ọpá, kó bá wọn gún un díẹ̀, kí wọ́n má baà fura sí i. Ẹ̀rù yìí ti pẹ́: òǹkọ̀wé Gerald ará Wales ti kọ nípa àwọn obìnrin tó ń di ehoro láti mu wàrà màlúù onímàlúù ní nǹkan bí ọdún 1188.

Owó ló jẹ́ kí ẹ̀rù náà lágbára. Bọ́tà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń san owó ilẹ̀. Láti ọjà bọ́tà ìlú Cork, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1770, ni àgbá bọ́tà ti ń lọ sókè òkun, títí dé erékùṣù Karibíánì. Bí bọ́tà bá kọ̀, onílẹ̀ lè lé ìdílé jáde.

Àwọn kan tún ní ilé ẹ̀kọ́ ló pa ìgbàgbọ́ yìí run. Mi ò gbà. Ní 1889 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá ilé iṣẹ́ bọ́tà sílẹ̀ ní Drumcollogher, ní agbègbè Limerick. Bí irú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, wàrà kúrò ní ilé ìdáná, iṣẹ́ àgbá sì dín kù, ìgbàgbọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn náà sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbàgbọ́ náà kò parẹ́: láti 1937 sí 1939, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà. Kí ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn obìnrin yẹn ní òpè kọ́kọ́ lọ ka àkọsílẹ̀ náà.