BLO: ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta ti Èkó

BLO jẹ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó nígbà tí ọdún 1972 ń lọ sópin. Ọkùnrin mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Berkley Jones, tí wọ́n tún ń pè ní Ike, ló ń ta gìtá, Laolu Akintobi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Laolu Akins, ló ń lu ìlù, Mike Gbenga Odumosu ló sì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí àwọn olórin ń pè ní báàsì. Lẹ́tà B, L àti O láti inú orúkọ wọn ni wọ́n so pọ̀ tó di orúkọ ẹgbẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ náà fi wà, wọ́n sì gbé àwo orin mẹ́fà jáde kí wọ́n tó tú ká.

Orírun

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, híláìfù ló ni òde Èkó. Nígbà tí rògbòdìyàn 1966 àti ogun tó tẹ̀ lé e dá ọ̀pọ̀ olórin apá Ìlà-Oòrùn padà sílé, àlàfo ńlá ṣí sílẹ̀ ní àwọn ilé ijó. Jùjú gba apá kan nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi etí sí rédíò àti àwo orin ìlú òyìnbó gba apá yòókù. Ní àkókò kan náà ni Geraldo Pino dé láti Sàró pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, The Heartbeats. Orin sóòlù bíi ti James Brown ló ń kọ, ohun èlò tó kó wá sì pọ̀ ju èyí tí ojú ń rí ní Èkó lọ. Fela Kuti pàápàá rí i, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìgbà náà ni The Clusters wà. Orin The Beatles ni wọ́n fi gbajúmọ̀, débi pé àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní Beatles ti Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni Jones àti Akins ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di ìparí 1970, wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ìbejì akọrin kan, Taiwo àti Kehinde Lijadu, tí wọ́n bí ní Jos ní 1948. Afro Collection ni wọ́n pe ẹgbẹ́ tuntun yìí. Orin àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ ní The Clusters. Ní Afro Collection, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí gìtá oníná àti ìlù ilẹ̀ wa yóò ṣe jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Ginger Baker àti Salt

Ní 1971, Ginger Baker wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló sì lu ìlù fún Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí òun, Eric Clapton àti Jack Bruce jọ ṣe láti 1966 sí 1968. Ó ti mọ Fela tẹ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì jọ ṣeré lọ́dún náà. Ní Èkó ló ti rí àwọn ọmọ Afro Collection. Ó mú Jones, Akins àti àwọn ìbejì Lijadu wọ ẹgbẹ́ tó ń kó jọ, èyí tó pè ní Salt.

Salt gbé wọn dé Yúróòpù. Wọ́n ṣeré ní Munich, ní Jámánì, nígbà Ìdíje Òlíḿpíìkì 1972. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Baker dúró sí Nàìjíríà, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó ń jẹ́ ARC sí Ìkẹjà, èyí tó ṣí ní 1973. Jones àti Akins ní tiwọn padà sílé pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí. Ìrìn jìnnà, àwọn àgbà wí, ni à ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ti rí i pé, bíi ti Cream, ènìyàn mẹ́ta péré, láìsí fèrè, láìsí ọ̀wọ́ agberin, lè dún kí gbogbo gbọ̀ngàn mì.

Chapter One

Ní ìparí 1972 ni Jones, Akins àti Odumosu kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí BLO, lẹ́yìn náà wọ́n rin ìrìnàjò eré káàkiri orílẹ̀-èdè. Ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo àkọ́kọ́ wọn, Chapter One, jáde ní 1973. Lára orin inú rẹ̀ ni Preacher Man, Time to Face the Sun àti Chant to Mother Earth.

Ní àwo yìí, gìtá kì í kàn ṣe ohun tí a fi ń gbe orin lẹ́sẹ̀ bíi ti híláìfù. Jones a mú kí ó ha, kí ó ké, kí ó fa ohùn gùn títí yóò fi dà bí ẹni ń sunkún. Báàsì Odumosu ló ń di orin mú nísàlẹ̀, nígbà tí Akins ń lu ìlù bí ẹni tó mọ àsìkò tí ó yẹ kí onílù dákẹ́. Àwọn orin kan yára, àwọn mìíràn ń rọra lọ bí èéfín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ bí ìlù ṣe ń pín ẹsẹ̀ ijó, ilé ni ó ti wá.

Gbòǹgbò tí BLO ti hù, ìyẹn Cream àti Jimi Hendrix, ni heavy metal, rọ́ọ̀kì tó wúwo, náà ti hù ní Yúróòpù. Àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀, jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Àwọn ti Yúróòpù mú kí gìtá wúwo sí i. BLO ní tiwọn yà sí ọ̀nà ijó.

Àwọn ẹgbẹ́ àkókò wọn

BLO nìkan kọ́ ló wà. Ní Èkó, Joni Haastrup ló ń darí Mono Mono, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College sì gbé Try and Love jáde lábẹ́ orúkọ Ofege ní 1973. Ní apá Ìlà-Oòrùn, lẹ́yìn ogun, The Funkees jáde láti Aba. Ní apá Àríwá, Bongos Ikwue ti kó The Groovies jọ láti ìgbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lónìí.

Ìyípadà àti òpin

Chapter One kò tà tó bí wọ́n ti rò. Ẹgbẹ́ náà fi EMI sílẹ̀, wọ́n lọ sí Afrodisia, tó jẹ́ ẹ̀ka Decca, níbi tí Phase II ti jáde ní 1975. Ariwo gìtá ti dínkù nínú rẹ̀, fọ́ńkì ti gba ipò. Lẹ́yìn èyí ni Odumosu lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Osibisa, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Gánà dá sílẹ̀ ní 1969. Biddy Wright, ẹni tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò lò, tí òun àti àwọn ìbejì Lijadu sì tún jọ ṣiṣẹ́, ló gba ipò rẹ̀. Báyìí ni lẹ́tà O ṣe kúrò nínú BLO, tí orúkọ sì dúró.

Step Three àti Phase IV tẹ̀ lé e. Nígbà tí dísíkò gba ayé kan, ẹgbẹ́ náà tẹ̀ lé e: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gba ohùn àwo Bulky Backside sílẹ̀. Back in Time, tó jáde ní 1982, ni àwo wọn ìkẹyìn.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Fún nǹkan bí ogún ọdún, ọwọ́ àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ nìkan ni orin BLO wà. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tún un gbé jáde. Ní 2009, wọ́n kó àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ sábẹ́ àkọlé Chapters and Phases. Ìdí nìyí tí àwọn àjèjì fi mọ BLO lónìí.

Nílé, ọ̀nà mìíràn ni ipa wọn gbà. Laolu Akins fi igi ìlù sílẹ̀, ó di ẹni tó ń darí bí a ṣe ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Òun ló wà lẹ́yìn Ace, àwo tí Shina Peters, olórin jùjú, gbé jáde ní 1989. Àwo náà mú jùjú yára, ó fi ìlù líle sí i, ó sì dé gbogbo òde àríyá ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jó sí Ace ni kò gbọ́ orúkọ BLO rí, bẹ́ẹ̀ etí onílù BLO ni wọ́n fi to orin náà.