Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ àti Ẹ̀dọ̀ tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Dé

Ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Sẹ̀kọ̀nà, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ẹdẹ, lè ní ọgbẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ láìjẹ́ pé awọ ikùn rẹ̀ ya. Ní 1908, James Hogarth Pringle, oníṣẹ́-abẹ ní Glasgow, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá fún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà yóò dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀dọ̀ a bàjẹ́. Ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ pàápàá a sì máa dá kún ìbàjẹ́ náà. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wo àwọ̀ ẹ̀dọ̀ nígbà náà.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gba ìmọ́lẹ̀ mu bákan náà. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni Takuo Aoyagi ní Jàpáàn gbé ìlànà ẹ̀rọ orí ìka kalẹ̀ ní 1974. Ní 1977, Frans Jöbsis fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò rí lè la ẹran ara kọjá. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wá ń tàn sórí ẹ̀dọ̀, kí wọ́n lè ya àwòrán ibi tí ọ́síjìn ti dínkù.

Ní 2020, Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ orí ìka kò rí lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀sùn yìí kò kan ìmọ́lẹ̀ tí a tàn sórí ẹ̀dọ̀ gan-an nígbà iṣẹ́-abẹ, nítorí kò gba inú awọ kọjá; òróòro àti ọ̀rá ni ó lè ṣì í lọ́nà níbẹ̀. Èyí tí a bá gbé lé awọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dán wò lára àwọn ènìyàn bíi ti Sẹ̀kọ̀nà, kí a tó gbára lé iye tí ó bá kà.