Ìtàn Ẹ̀gẹ́ Tí Àrùn Kò Rí Gbé Ṣe

Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá sí Ìmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ìrẹsì mọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà oko láti ibẹ̀ lọ sí ìhà Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́ yóò rí i pé oko ẹ̀gẹ́ pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, ta ni yóò sì dárúkọ Ìjẹ̀bú tí kò ní rántí gààrí kíkan? Bí gààrí yẹn ṣe kù sí ọjà títí dòní ní ìtàn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rẹ ẹ́ mu kò sì gbọ́ ọ rí.

Àwọn Pọtogí ló gbé ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun wa láti Bùràsíìlì láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí àwọn Àgùdà láti Bùràsíìlì àti àwọn Sàró láti Sierra Leone padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọgbọ́n gààrí yíyan tàn kálẹ̀, ni ẹ̀gẹ́ wá di oúnjẹ gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó ń bá ẹ̀gẹ́ jà, kì í sì í fara pamọ́. Wo ewé rẹ̀: àwọ̀ ewé á dà bí aṣọ tí aró kò mú dọ́gba, ibì kan á pọ́n, ibì kan á ṣì tutù. Ewé á ká jọ, á lọ́, á kéré, igi kò ní dàgbà dáadáa, iṣu abẹ́ rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Warburg, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1894, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Mòsáìkì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà wọ oko: kòkòrò kékeré funfun tó máa ń wà lábẹ́ ewé ń gbé e láti igi dé igi, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbìn ín nígbà tó bá gé ọ̀pá lára igi tó ti kó o. Ọ̀nà kejì yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ọwọ́ wa ló ń ṣe é.

Ní ibùdó ìwádìí Amani, ní ilẹ̀ Tanganyika (Tanzania òní), ni ìjà gidi ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Àwọn onímọ̀ méjì, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols, rí i pé ẹ̀gẹ́ lásán kò lágbára tó, wọ́n sì wá ìbátan rẹ̀ lọ: igi rọ́bà kan láti Ceará ní Bùràsíìlì, igi ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu rẹ̀. Wọ́n mú òun àti ẹ̀gẹ́ bímọ. Àwọn ọmọ náà gbóró, àrùn kò rọrùn láti mú wọn, ṣùgbọ́n iṣu wọn kò ṣe é jẹ. Nítorí náà wọ́n tún mú àwọn ọmọ náà bá ẹ̀gẹ́ bímọ, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, ìran lé ìran, títí iṣu fi dára tí agbára ìgbóró kò sì tíì lọ. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ní àwọn ọdún 1950, èso láti Amani dé ibùdó ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣa irú tí wọ́n ń pè ní 58308. Nígbà tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, ló darí rẹ̀, 58308 ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Kò pẹ́ tí àrùn mìíràn, èyí tí baktéríà ń fà tó ń mú kí ewé rọ kí ó sì gbẹ láti òkè wá, fara hàn ní Nàìjíríà ní 1972. Hahn wá ń wá irú tí yóò kọ méjèèjì. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni TMS 30572 ti jáde, èyí tó tàn káàkiri oko wa. Ní 1983, àwọn ará Ìkirè fi í joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkèèrè nìkan ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Nínú oko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti kó àwọn irú ìbílẹ̀ bíi Ọkọ-Ìyàwó, tí ìwé ń pè ní TME 7, àti TME 3, wọ́n sì bá agbára ńlá lára wọn, tó yàtọ̀ sí ti Amani. Ẹyọ jíìnì kan péré ló ń ṣiṣẹ́ náà. CMD2 ni wọ́n ń pè é. Lójú tèmi, àwọn àgbẹ̀ tó ń yan ọ̀pá tó dára lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ni wọ́n tọ́jú ìṣúra yìí fún wa. Nígbà tí mòsáìkì líle kan pa oko rẹ́ ní Uganda ní àwọn ọdún 1990, Nàìjíríà kò dúró dè é. Ní 2005 wọ́n fi irú tuntun márùn-ún síta, TMS 98/0505 àti TMS 98/0581 wà nínú wọn.

Kò túmọ̀ sí pé àrùn kò lè wọ inú irú tó gbóró. Ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í tàn dé gbogbo ẹ̀ka. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ wo ewé kí ẹ tó gé ọ̀pá. Igi tí ewé rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ látòkè délẹ̀ ni kí ẹ mú; èyí tó ti ká, ẹ fà á tu. Ẹ má sì ṣe gbé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ wọlé láti ilẹ̀ mìíràn. Àrùn kan tó ń sọ iṣu di bíráùn nínú, tí Storey kọ nípa rẹ̀ ní 1936, ti ń ba oko jẹ́ ní ìlà oòrùn Áfíríkà, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pá kan ṣoṣo ti tó láti gbé e wá.