Angélique Kidjo àti Èdè Tí Ó Fi Ń Kọrin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Kétu, ẹ mọ Ẹ̀fẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, tí olórin Ẹ̀fẹ̀ bá jáde sí gbangba ọjà, ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ọ̀sán ni yóò fi orin sọ. Yóò súre fún ìlú. Yóò bú olè, yóò sì bá ìjòyè tó ń rẹ́ni jẹ wí. Olórin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Obìnrin ni, kò sì gbé ère lérí. Síbẹ̀, irú iṣẹ́ yẹn ni ó ń ṣe. Angélique Kidjo ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Wídà ni a ti bí i ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1960, nígbà tí ó ku ọjọ́ 18 kí Dahomey gba òmìnira. Fọ̀n ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, ọmọ ọdún 6 sì ni Angélique nígbà tí ó kọ́kọ́ bá wọn kọrin lójú agbo.

Nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé, àwọn ọmọkùnrin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ni obìnrin ń wá níbẹ̀. Ó dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí ó fi ń dá wọn lóhùn: batonga. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú Fọ̀n tàbí nínú Yorùbá, ẹ kò ní rí i. Tirẹ̀ ni.

Ní ọdún 1972, ológun Mathieu Kérékou gba ìjọba. Ní 1975, Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Abẹ́ ìjọba yìí ni òkìkí Angélique ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n fẹ́ kí àwọn olórin máa yin ìjọba, òun kò sì lè ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ní kó máa yin aláṣẹ nìkan, ṣé Ẹ̀fẹ̀ ni? Ní 1983, ó kúrò nílé, ó lọ sí Párísì. Ó ti ní i lọ́kàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, kí ó lè gbèjà àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ. Orin ni ó padà yàn.

Ní Párísì, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tó yá. Angélique kò kọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n Fọ̀n, Yorùbá àti Mínà ni ó gbé síwájú. Ní 1991 ó gbé àwo Logozo jáde, orin Batonga sì wà nínú rẹ̀. Ní 1994 ó gbé Ayé jáde. Ẹ kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ìtumọ̀ ìyẹn! Àwọn kan ní ìlù òyìnbó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. Nígbà mìíràn èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a máa ń sọ pé èdè wa kò kọjá ọjà Pobẹ̀, òun ti gbé e dé Amẹ́ríkà àti Jàpáànù. Títí di ọdún 2022, ó ti gba ẹ̀bùn Grammy lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Kò fi mọ sí orin. Láti 2002 ni ó ti ń ṣe aṣojú fún UNICEF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ní 2006, ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti ran àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ kí wọ́n lè ka ìwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wo ni ó sọ àjọ náà? Batonga. Nígbà tí ó ń ṣe àwo Eve, tí ó jáde ní 2014, ó lọ gba ohùn àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, pẹ̀lú orin tí wọ́n ń kọ nílé.

Ohun kan tún kù. Nígbà ogun 1914 sí 1918, Faransé ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sójú ogun. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà nítorí rẹ̀, àwọn Ọ̀họ̀rí sì gbé ìjà ko Faransé. Àwọn tí wọ́n rí mú lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò padà wálé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ogun yẹn pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó parí. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní Párísì, olórí Amẹ́ríkà àti ti Jámánì wà níbẹ̀. Angélique dìde, ó kọrin ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ wa. Blewu ni ó kọ, orin Bella Bellow, ọmọ Tógò tó kú ní 1973. Èdè Mínà ni. Díẹ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ ni ó lè gbọ́ ohun tí orin náà ń wí. Àwọn tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ní Lómẹ́ àti ní Kútọnu gbọ́ ọ.