Títa Ọkọ̀ Onígbòkun Tí A Tọ́jú

Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún. Ìtumọ̀ òwe náà kò farasin: ohun iyebíye kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí bàbà lọ́wọ́. Ẹnu ẹni tí wọ́n ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá la ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Á ká ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, á ní ẹni tó mọyì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. N kò bá òwe náà jà, bó bá jẹ́ wúrà là ń tà. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí à ń pa òwe yìí sí kì í ṣe wúrà rárá. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, onígbòkun, irú èyí tí mọ́tò lè wọ́ lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti ilé dé etí ọ̀sà. Olówó rẹ̀ ti lò ó fún ọdún mẹ́wàá, ó kẹ́ ẹ bí ẹyin, ó wá fẹ́ tà á. Òwe ní kó lọ wá ẹni tó mọyì ọkọ̀. Èmi ní ẹni tó mọyì ọkọ̀ jù lọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, àti pé ẹ̀rí ni iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹni tó ń tà, kó tó kan wíwá onímọ̀.

Wúrà máa ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Òkúta dúdú kan wà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ti ń lò láti ayé àtijọ́. Wọ́n á fi wúrà ha á, wọ́n á wo àwọ̀ ìlà tó bá fà sílẹ̀, wọ́n á kán ásíìdì sí i, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àwọn kan gbà pé eyín ni a fi ń dán wúrà wò, pé èyí tó bá gba ojú eyín ni ojúlówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjé rọ̀ ju wúrà lọ, eyín á sì wọlé sí i jù ú lọ. Òkúta àti òṣùwọ̀n ló ń ṣèdájọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì fún wa níbí ni pé ìdájọ́ náà kò béèrè ìtàn. Òrùka tí ìyá àgbà fi sọ́wọ́ fún ọgọ́ta ọdún àti èyí tí wọ́n rọ lánàá, bí kárátì wọn bá dọ́gba tí ìwọ̀n wọn sì dọ́gba, iye kan náà ni ẹni tó fẹ́ yọ́ wọn yóò san. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ló wọ̀ ọ́, ṣé ó wọ̀ ọ́ wẹ̀ nínú òkun, ṣé ó já bọ́ rí. Wúrà kì í dípẹtà, ohun tójú rẹ̀ ti rí kì í wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí òwe fi lè gbára lé ìmọ̀ ẹni tó ń rà: ohun gbogbo tí ó yẹ kí ó mọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Àwọn ohun mìíràn wà, ẹ̀wẹ̀, tó jẹ́ pé ìtàn wọn ni iyì wọn. Ọkọ̀ wà lára wọn, yálà ti ilẹ̀ tàbí ti omi.

Ẹ wo ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Lójú, ó jọ ohun tí kò lè jẹrà, àwọn tó ń tà á sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé fáíbà kì í jẹrà bí igi, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òkè ibi tí à ń dúró sí kì í ṣe fáíbà nìkan. Igi fífúyẹ́ tàbí fóòmù ló wà láàárín ìpele méjì. Bí omi bá gba ojú ihò ìdè kan tí wọn kò dí dáadáa wọlé, igi inú yóò máa rà lọ́dún dé ọdún, òkè rẹ̀ yóò sì máa dán. Ẹni tó mọ̀ á mú òòlù kékeré, á máa kàn án níbí lọ́hùn-ún, á sì fetí sílẹ̀ fún ibi tí ìró rẹ̀ ti kú. Ìgbòkun náà ń kọ́? Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ ju ìjì lọ. Òwú tí wọ́n fi rán an ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó, kí aṣọ fúnra rẹ̀ tó gbó. Okùn wáyà tó di òpó mú lè máa dípẹtà nínú irin tí wọ́n fi dì í lẹ́nu, níbi tí ojú kò dé, títí ọjọ́ tí òpó yóò fi wó lójú omi. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e ló tún burú jù, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rì í sínú omi iyọ̀ láti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ni bíárìn rẹ̀ ń mu lára omi náà. Ọkọ̀ onígi náà kò yọ sílẹ̀. Nínú ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu, níbi tí àwọn apẹja ṣì ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán pọ̀, omi kì í jẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin: òkun ń wọlé lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ gba ojú ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní 1885, odò sì ń tì í jáde nígbà ìkún omi. Kòkòrò tó ń lu igi nínú omi iyọ̀ máa ń gba ihò tíntín wọlé, ó sì máa ń sọ inú igi di òfìfo kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bí a bá kun ọkọ̀ méjì lọ́dà lọ́jọ́ kan náà, èyí tí wọ́n tọ́jú àti èyí tí wọ́n pa tì, ó lè ṣòro fún ọ̀gá pàápàá láti yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín wákàtí kan.

Ibí yìí ni ìmọ̀ ti máa ń di ẹ̀rù. Aláìmọ̀kan á rí ọ̀dà tuntun, inú rẹ̀ á dùn. Onímọ̀ á rí ọ̀dà kan náà, á bi ara rẹ̀ pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan lórí èyí ní 1970. Ọjà mọ́tò àlòkù ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, kí òmíràn tó gbà á. Ní 2001, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó ń tà mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀, ẹni tó ń rà kò mọ̀, nítorí náà ẹni tó ń rà yóò san iye tó bá ọkọ̀ àárín mu, kí ó má bàa jìn sí kòtò. Iye yẹn dùn mọ́ olówó ọkọ̀ burúkú nínú, ó sì kéré lójú ẹni tó tọ́jú tirẹ̀, onítọ̀hún á wọ́ tirẹ̀ lọ sílé. Bí àwọn ọkọ̀ rere bá ṣe ń kúrò lọ́jà, ọjà á túbọ̀ máa burú, iye á sì tún máa já sílẹ̀. Ẹni tó bá ká ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó ń retí ẹni tó mọyì rẹ̀ wà lára ohun tó ń ba ọjà náà jẹ́, láìmọ̀.

Àwa tí a wà ní agbègbè Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Igolo, ìlú ẹnubodè tó wà lábẹ́ Ifangni, tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò, wà lára àwọn ojú ọ̀nà tí mọ́tò tòkunbọ̀ ń gbà láti èbúté Kútọnu wọ Nàìjíríà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 mọ́tò kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Mọ́tò tó dé láti òkè òkun kò bá aládùúgbò rìn. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n fi kọlu igi, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá omíyalé bò ó mọ́lẹ̀ rí. Aago tó ń ka kìlómítà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn lè dá a padà. Síbẹ̀, nọ́ńbà onílẹ́tà mẹ́tàdínlógún kan wà lára mọ́tò, tí Amẹ́ríkà sọ di dandan fún mọ́tò ọdún 1981 síwájú, tí èèyàn lè fi tọpa ìtàn mọ́tò náà. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹnubodè kún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti orí ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019 ó ti ẹnubodè pa pátápátá, Ìdí-Ìrókò kò sì rí àṣẹ àtiṣí gbà títí di oṣù kẹrin 2022. Mọ́tò kan náà, nínú ọgbà kan náà ní Kútọnu, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ti di ohun mìíràn lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Kò sí òkúta dúdú tó lè fi ìyẹn hàn.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ jù lọ wà láàárín ọkọ̀ tí a tọ́jú fún lílò àti ọkọ̀ tí a tún ṣe fún títà. Àwọn méjèèjì ń dán, àwọn méjèèjì mọ́. Ẹni tó tọ́jú fún lílò máa ń lẹ ibi tó bá fọ́, kò sì ní pa ojú ibẹ̀ mọ́, torí ó fẹ́ kí ojú òun máa dé ibẹ̀. Á ní rìsíìtì okùn wáyà tó pààrọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, á ní ìgbòkun àtijọ́ tó fi ń ṣeré àti tuntun tó ń fi pamọ́, á mọ ìgbà tó fi gírísì kún bíárìn kẹ̀yìn. Ẹni tó tún un ṣe fún títà á ní ọ̀dà. Ohun tí alọ́dà kò lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀rí, òun náà sì ni ẹni tó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé síwájú. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìdíje ti mọ èyí tipẹ́. Ọkọ̀ Lightning, tí iléeṣẹ́ Sparkman & Stephens yà ní 1938, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19, tí mọ́tò sì lè wọ́ lẹ́yìn, ní nọ́ńbà tí wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn láti orí kìíní, àti ìwé ìwọ̀n tirẹ̀. Ọkọ̀ irú ìyẹn ti ń sáré ní Èkó pẹ̀lú, lábẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pààrọ̀ ọwọ́, nọ́ńbà rẹ̀ ń bá a lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé apẹja kì í fi ìwé ta ọkọ̀, ọjà sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá jọ wà ní etí omi kan náà, àwọn méjèèjì mọ ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ náà, wọ́n sì mọ ọjọ́ tó forí sọ òpó. Ojú aládùúgbò ni ìwé wọn. Gbàrà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà kúrò ní etí omi yẹn ni ẹlẹ́rìí ti kù sẹ́yìn. Ẹlòmíràn á ní kí ẹni tó ń rà mú ọ̀gá oníṣẹ́ wá, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọkọ̀ ńlá, ó bọ́gbọ́n mu. Fún ọkọ̀ kékeré, owó àyẹ̀wò tó péye lè tó ìdajì owó ọkọ̀, oníṣẹ́ kò sì ní la òkè ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti wo inú rẹ̀. Àtakò tó lágbára jù ni pé èèyàn lè fi èrú kọ rìsíìtì. Mo gbà pé rìsíìtì kan ṣeé fi èrú kọ. Ìwé ọdún mẹ́wàá, láti ọwọ́ oníṣẹ́ oríṣiríṣi, tí ohun tó wà nínú wọn bá àpá ara ọkọ̀ mu, ó ṣòro díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè ju èrè rẹ̀ lọ. Michael Spence, tó bá Akerlof pín ẹ̀bùn 2001 yẹn, fi èyí hàn ní 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ ló ń sọ: àmì tó bá ná èké lówó ju olóòótọ́ lọ nìkan ló ṣeé gbà gbọ́.

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sọ́sà, ẹ jẹ́ ká yára fà á jáde. Kò purọ́, ó kàn fojú fo ìdajì iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní láti kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń rà di ẹni tó mọyì, kó tó tà á fún un. Ìyẹn mú wa dé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í fẹ́ gbọ́, pé kí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ ka àbùkù ọjà rẹ̀. Wọ́n á ní ta ni yóò wá rà á? Àmọ́ ẹni tó ń rà ti ka àbùkù náà sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ kó tó kúrò nílé, ó sì ti ka mẹ́wàá tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ló sì ti yọ kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Bí olówó ọkọ̀ bá ní, “Ibi ìdí òpó yìí rọ̀ díẹ̀, iye tí oníṣẹ́ ní òun á gbà nìyí,” àbùkù kan ti ní ìwọ̀n, àwọn mẹ́wàá yòókù á sì máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó dúnàádúrà. Kó tó gba àsansílẹ̀, kó bọ́ àwọn táyà kẹ̀kẹ́ náà kó sì fi bíárìn hàn án, nítorí pé bí ohunkóhun yóò bá dá ẹni tó rà á dúró sójú ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ náà ni. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ wọ́ ọkọ̀ lọ sétí omi lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, kí ẹni tó ń rà fúnra rẹ̀ di ìtọ́kọ̀ mú.