Àlejò Tí Kò Wá Iṣẹ́: Ìtàn Ìwé Àṣẹ Ìwọ̀lú àti Àwọn Ọmọ Àkókó

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ìbátan mi wá bá mi ní Ìkàrẹ́ láti Ọ̀kà. Fáìlì kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà ń ṣe. Inú yàrá rẹ̀ ní Ọ̀kà ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Ó fẹ́ gba irú físà tuntun tó ń fún ènìyàn láyè láti lọ gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ gbọ́ àlàyé náà tán, ó mi orí, ó ní: "Àbúrò mi, mo mọ ẹni tó rìnrìn àjò nítorí iṣẹ́. Ta ni í gba ìwé àṣẹ lọ sí ìlú onílùú, kí ó má ṣe iṣẹ́ níbẹ̀?"

Ìbéèrè àgbà ni. Kí a tó lè dáhùn rẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ìwé kọ́ ni a fi ń wọ ìlú. Oníbodè a máa jókòó sí ẹnu ibodè, a sì máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń kọjá. Àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ nílùú gbọ́dọ̀ ní onílé tí yóò gbà á sílé, tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba, tí yóò sì dúró fún un bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Ní Àkókó tiwa, irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé ń kó ènìyàn lẹ́rú ní àwọn ìlú wa, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa sì sá sí. Ẹni tó bá wo àwọn òkè Ọ̀kà lónìí kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ibi gíga. Ìbéèrè méjì ni ìlú ń bi àlejò nígbà náà: ta ló mọ̀ ọ́, kí lo sì wá ṣe? Ìbéèrè méjèèjì yìí náà ni físà ń béèrè títí di òní.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, ogun rọlẹ̀, ọ̀nà sì là. Àwọn ọmọ Àkókó gba ilẹ̀ kòkó lọ ní ìhà Oǹdó, wọ́n gba Ìbàdàn àti Èkó lọ. Àwọn Yorùbá mìíràn, pàápàá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, gba Gold Coast lọ, wọ́n sì tan ọjà wọn dé Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké àríwá ibẹ̀. Abẹ́ ìjọba kan náà ni Nàìjíríà àti Gold Coast wà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń béèrè físà lọ́wọ́ oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ wọn bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé pé àlejò ni àwọn.

Òmìnira Gáná dé ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní Gáná. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún lẹ́nu ọjà rẹ̀ wá rí i pé ìwé kan ṣoṣo ni òun kò ní. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá padà wálé pẹ̀lú ẹrù orí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì kọ́kọ́ fojú kan ìlú baba wọn ní ọjọ́ tí ọkọ̀ já wọn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àwa náà ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" ní gbogbo ọjà wa, títí kan ọjà Ìkàrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń tín-ín-rín sí i. Ṣáájú ọdún 1962, ọmọ Nàìjíríà tó bá rí owó ọkọ̀ ojú omi san lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kàwé, kí ó sì ṣiṣẹ́. Òfin ọdún náà ló kọ́kọ́ fi gbèdéke sí i. Nígbà tó di ọdún 1986, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ físà di dandan fún àwa, Gáná, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan nínú gbogbo ìtàn yìí. Iṣẹ́ ló ń gbé àlejò lọ, iṣẹ́ náà ló sì ń lé e kúrò. Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá gbèrú, a nílò apá rẹ̀. Nígbà tí ó bá dẹnu kọlẹ̀, onílé a ní àlejò ló ń gba oúnjẹ òun jẹ.

Àrùn Kòrónà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 2020, pápákọ̀ òfurufú dá páropáro, àwọn ìlú tó ń jẹun láti ọwọ́ arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń pebi. Láàárín àkókò kan náà, ayé rí i pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣeé ṣe nínú yàrá. Ní oṣù Keje ọdún náà, Barbados gbé ìwé àṣẹ oṣù méjìlá jáde fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí kò sí ní erékùṣù wọn, tí ó sì ń gba 50,000 dọ́là lọ́dún ó kéré tán. Estonia ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Mauritius tẹ̀ lé e, ó ní 1,500 dọ́là lóṣù tó fún òun. Portugal dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Spain tẹ̀ lé e ní ọdún 2023. Ní Áfíríkà, Nàmíbíà ń béèrè 2,000 dọ́là lóṣù. Cape Verde, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS bíi tiwa, ṣí ètò tirẹ̀ fún ọmọ ECOWAS pẹ̀lú, ó sì ń béèrè pé kí owó tó wà ní báńkì ẹni náà má dín sí 1,500 yúrò ní ìpíndọ́gba fún oṣù mẹ́fà.

Ìdáhùn bàbá nìyí. Ìjọba wọ̀nyí kò fẹ́ apá àlejò, owó tó ń ná ni wọ́n fẹ́. Kí ó gba owó rẹ̀ láti ibòmíràn, kí ó wá san owó ilé, kí ó ra ẹja, kí ó wọ takisí lọ́dọ̀ wọn, kí ó má sì du iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Àlejò tí Busia lé àti àlejò tí Shagari lé, òdìkejì wọn ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 2,000 dọ́là tí Nàmíbíà ń béèrè jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, èyí tó ju ìlọ́po ogójì owó yẹn lọ. Kò tán síbẹ̀. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀rí owó báńkì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ń wọlé lóṣooṣù. Owó ńlá tó já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìfura ló ń dá sílẹ̀. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ wà, a sì sábà máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá tó jẹ́rìí pé ẹni náà kò dáràn rí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àkùngbá, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń ṣe iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí WhatsApp ni àdéhùn wọn, owó wọn sì ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn wọlé. Iṣẹ́ wọn wà, ẹ̀rí rẹ̀ ni kò sí, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò Tamale tó ní ilé, tó ní ìsọ̀, tí kò ní ìwé. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìwé ayédèrú ti ń rí wọn mú.

Físà pàápàá kì í ṣe òpin. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí àlejò yóò sùn àti ohun tó wá ṣe. Oníbodè àtijọ́ ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà. A tú fáìlì rẹ̀ wò, àdéhùn rẹ̀ pé, owó rẹ̀ ń wọ báńkì déédéé fún oṣù mẹ́jọ. Mo ní kí ó máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ lọ. Kò sọ ti ìgbádùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ni, àti nẹ́tíwọ́kì. Owó tí mò ń fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lóṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé níbi tí mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Àwọn baba wa fi Àkókó sílẹ̀ nítorí pé ibòmíràn ni owó wà, wọ́n sì ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé láti kọ́ ilé àti láti rán ọmọ ní iléèwé. Ní ti ọmọ yìí, Ọ̀kà gan-an ni owó ti ń wá bá a. Bí ó bá lọ, yóò gbé owó náà dání. Alágbàfọ̀, olóúnjẹ àti ọlọ́kadà tó ń ná an fún yóò pàdánù. Ohun tí Barbados àti Cape Verde ń polówó kí wọ́n lè rí, a ní in nílé, a sì ń fi òkùnkùn lé e jáde. Kò gba àdéhùn Dakar kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wa tó ṣètò gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́ àti òmíràn ní Ọ̀kà, tí iná sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì gidi wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa máa san owó díẹ̀ láti jókòó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá gba fáìlì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ká a mọ́ra dáadáa, ó súre fún un. Ó wá ní, "Bí wọ́n bá fún ọ, lọ. Bí iná bá dé sí Ọ̀kà, má jẹ̀ẹ́ kí n ránṣẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mejì."